Òrùlé ń jò, owó ilé sì fẹ́ pé: ṣé a lè yọ owó àtúnṣe nínú rẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé:

Yàrá kan tí ó ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni mo gbà ní Òkè-Odò, ní Tanke, níhìn-ín ní Ìlọrin, ọdún kẹta mi sì nìyí níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni ìjì ká páànù méjì lórí yàrá mi, tí omi sì ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pe lánlọ́ọ̀dù mi, Alàájì kan tí ó ń gbé ní Èkó. Ó kọ́kọ́ ní òun ń bọ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ rí kẹtékà, kẹtékà sì ní ẹnikẹ́ni kò fi kọ́bọ̀ lé òun lọ́wọ́. Nígbà tí àjà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, mo pe káfíńtà, ó bá igi mẹ́ta tí ó ti jẹrà lábẹ́ páànù, mo sì ná ₦48,500. Oṣù kẹsàn-án ni owó ilé mi yóò pé, ₦250,000 lọ́dún. ₦201,500 ni mo fẹ́ san. Kẹtékà ní bí mo bá dán an wò, kúìtì ni yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní New York sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ń dín owó ilé kù fún ayálégbé bí onílé bá kọ̀ láti ṣe àtúnṣe. Kí ló dé tí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀? Kí sì ni mo lè ṣe báyìí?

* * *

Ẹ má tíì yọ ọ́. Kì í ṣe pé owó náà kò tọ́ sí yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà gbà á ni yóò sọ yín di ajigbèsè lójú ìwé, tí ẹni tí ó jẹ yín lówó yóò sì di ẹni tí ẹ jẹ lówó.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ayálégbé ní ìlú yìí, ní Gáà-Àkànbí àti ní Tanke, kí Baba wa tó papòdà tí àwọn ẹbí fi ní kí n máa bójú tó ilé wọn ní Adéwọlé. Mo ti gbọ́ "mò ń bọ̀" lẹ́nu lánlọ́ọ̀dù, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ ní ìwé àdéhùn, kí sì ni ó sọ nípa àtúnṣe? Ṣé lánlọ́ọ̀dù mọ iye tí ẹ fẹ́ ná kí ẹ tó ná an? Ṣé ẹ ní rìsíìtì páànù àti igi, tàbí káfíńtà kàn gba owó tí ó sì lọ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹrin tí ẹ pè é lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Bí ó bá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan rí, kí ni ẹ óò fi hàn án?

* * *

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ fèsì sí ìbéèrè yìí ni ó gba arákùnrin náà nímọ̀ràn pé kí ó má san kọ́bọ̀ títí lánlọ́ọ̀dù yóò fi wá bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ó ṣe máa ń rí níhìn-ín.

Owó ọdún kan gbáko ni a máa ń kà sílẹ̀ ní Ìlọrin kí a tó gba kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ìjì dé ní oṣù kẹta, owó arákùnrin wa ti wà lọ́wọ́ onílé láti oṣù kẹsàn-án tí ó kọjá, onílé sì ti lè fi ra símẹ́ǹtì sí ilé mìíràn. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó dì mú? Ìdí nìyí tí onílé fi lè máa wí pé òun ń bọ̀ fún oṣù mẹ́fà láìbẹ̀rù ohunkóhun. Ẹni tí ń san owó lóṣooṣù ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti san owó ọdún kan tán, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù ún kù, títí oṣù tí owó yóò tún pé yóò fi dé.

Òfin náà kò sì gbè é tó bí ẹ ṣe rò. Nínú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀tọ̀ ni ojúṣe àtisan owó ilé, ọ̀tọ̀ ni ojúṣe àtitún ilé ṣe. Èkíní kò dúró de èkejì. Èyí tí ó tún le jù ni pé bí ìwé àdéhùn kò bá sọ pé onílé ni yóò máa ṣe òrùlé, tí òfin kan pàtó kò sì sọ ọ́, agbẹjọ́rò onílé lè dìde kí ó sọ pé oníbàárà òun kò ṣèlérí nǹkan kan. Bí onílé bá ti gbà pé iṣẹ́ òun ni, tí ẹ sì sọ fún un, tí ẹ dúró, tí ẹ wá ná iye tí ó bá ojú ọjà mu, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ yín múlẹ̀ láti sọ pé kí ó yọ ọ́.

Ẹnìkan kọ̀wé pé kò séwu, pé ọ̀pọ̀ kúìtì tí àwọn kẹtékà ń kọ ni ó ní àṣìṣe nínú, ilé ẹjọ́ yóò sì dà á nù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayálégbé ti ń rí ibi sá pamọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí gidigidi: bí ìwé ìkìlọ̀ bá tilẹ̀ ní àléébù, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí ó dé ọwọ́ ayálégbé ti tó ìkìlọ̀ fún un pé kí ó wá ibòmíràn. Ẹ má gbé ara lé àṣìṣe kẹtékà.

Síbẹ̀, ìhàlẹ̀ kẹtékà náà kò ju ìhàlẹ̀ lọ lónìí. Ayálégbé tí ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Bí ó bá yọ ilẹ̀kùn tàbí tí ó ká páànù tí ó kù láti fi lé yín jáde, òun ni ó wọ gàù.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní New York. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ó gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ìjọba ń ṣọ́ owó rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé tí òfin náà bò jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1974, tí ó ní ibùgbé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ kan ni ó ń sọ iye tí onílé lè fi kún owó ilé wọ̀nyí. Bí onílé bá dín iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa ṣe kù, bóyá òrùlé ń jò, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè bàjẹ́, tàbí kò sí omi gbígbóná, ayálégbé yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, yóò sì tọ́jú ẹ̀rí pé òun kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹ̀sùn lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DHCR. Wọ́n lè rán ẹni tí yóò wá wò ó lójú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a láre, owó ilé yóò padà sí iye tí ó wà kí àfikún tí ó kẹ́yìn tó dé, onílé kò sì gbọdọ̀ tún fi kún un títí yóò fi ṣe àtúnṣe tí iléeṣẹ́ náà yóò sì fọwọ́ sí i. Ní ti ìmóoru, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di òpin oṣù karùn-ún, bí ìta bá tutù ju ìwọ̀n 55 ti Fahrenheit lọ lójú ọ̀sán, onílé gbọ́dọ̀ mú inú ilé dé 68. Mo ka èyí lábẹ́ páànù ní ọ̀gbẹlẹ̀ Ìlọrin, ẹ̀rín pa mí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kò sọ ni ohun tí ó mú kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ayálégbé inú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe fún ọdún kan tàbí méjì sí i, onílé kò sì lè sọ pé "mi ò fẹ́ ọ mọ́" nítorí pé ó fi ẹjọ́ òun sùn. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá fi ẹjọ́ sùn ní oṣù kẹta lè gba kúìtì ní oṣù kẹrin, onílé kò sì ní láti sọ ìdí kan fún un. Bí a bá kó gbogbo fọ́ọ̀mù New York wá sí Tanke lọ́la láìkó ẹ̀tọ́ ìyẹn mọ́ ọn, ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọ ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù.

* * *

Ẹni tí ó fi òfin ránṣẹ́ pé "ìjọba ti ní kí onílé máa ṣe òrùlé", mo ti kà á. Òfin Ìyálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni, ti ọdún 2011, kódà láàárín Èkó gan-an kò kan Apapa, Ikeja GRA, Ikoyi àti Victoria Island. Ó dára lóòótọ́: ó fi àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò sí ọrùn onílé; ó ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun; ó sì ní ayálégbé tí ó bá ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ sí i pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tí onílé kọ sílẹ̀ lè béèrè owó rẹ̀ bí onílé bá ní kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e síwájú májísíréètì ní Ìlọrin, yóò bi yín bóyá Kwara ti di ìjọba ìbílẹ̀ kan lábẹ́ Èkó.

Ìlò tí ó ní fún wa ni pé kí a da gbólóhùn inú rẹ̀ kọ sínú àdéhùn tiwa. Ohun tí onílé bá fọwọ́ sí pẹ̀lú ayálégbé rẹ̀, òfin ni láàárín àwọn méjèèjì, ìbáà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ni ilé náà wà.

* * *

Àwọn onílé tí ń bínú nínú èsì yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayálégbé ṣe mú mi.

Ẹ̀rọ tí ń fa omi bóòhóòlù wa jóná láàárín ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fa páìpù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n ti ògiri, omi pupa ń kán lẹ́nu wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jáde, ọ̀gá wọn gbé e sún mọ́ imú mi kí n fi òórùn mọ̀ pé wáyà inú rẹ̀ ti jóná, ó ní iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó pa á. Mo pe àwọn ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, mo ní kí a pín owó náà sí márùn-ún. Àwọn mẹ́ta ti ń kùn pé àwọn yóò wá a. Àlàájà tí ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, tí ó ti wà nílé náà kí n tó débẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó wọlé, ó gbé báàgì ọlọ́ràá kan jáde, ó tú u, ó sì fà rìsíìtì ọdún 2014 lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, báírò dúdú, ọwọ́ ìkọ̀wé Baba wa tí ń tẹ̀ sápá òsì: *Omi wà lọ́rùn onílé.* Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, àti ọjọ́.

Mo san gbogbo rẹ̀. Mo bínú o, nítorí owó tí Àlàájà ń san kò tó ìdajì ohun tí yàrá tuntun ń mú wá ládùúgbò yẹn, a kò sì fi kún un láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé Baba ní a kò gbọdọ̀ ni ín lára. Nígbà tí owó tún pé, mo kọ ìwé tuntun: ẹ̀rọ jẹ́ tèmi, owó iná tí ń fa omi jẹ́ tiwọn. Mo fi náírà díẹ̀ kún owó ilé, Àlàájà dúnàádúrà títí ó fi di ìdajì ohun tí mo sọ, ó sì fọwọ́ sí i.

* * *

Nípa ẹni tí ó ní òun fi táìlì sí yàrá òun ní Sábó-Òkè tí onílé sì kọ̀ láti yọ owó rẹ̀: onílé jàre. Òrùlé tí ń jò, àtúnṣe ni. Táìlì, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ kò lè ra bàtà tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ sì ní kí onílé sanwó rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ ni ẹ fi ń rìn. Àyàfi bí ó bá ti kọ ọ́ pé òun gbà.

Sókáwéè tí ó kún ni ó ṣòro jù. Onílé á ní ènìyàn mẹ́fà ni ẹ kó sínú yàrá tí mo gbà fún méjì. Ayálégbé á ní ihò tí ẹ gbẹ́ ni kò jìn. Mo ti rí i tí àwọn méjèèjì jàre. Ní ilé wa, bí ó bá kún, a pín owó tí a fi kó o. Bí ó bá wó, èmi ni mo ń kọ́ ọ. Gílóòbù, ẹnu omi, kọ́kọ́rọ́ àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ẹ má pe onílé sí i rárá.

* * *

Ó yá, arákùnrin Òkè-Odò. Ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù lórí WhatsApp lónìí, kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ẹ má bú u, ẹ má dárúkọ kóòtù, ẹ má sì dárúkọ New York. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìjì jà, ọjọ́ tí ẹ pè é (fóònù yín ṣì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀), ohun tí kẹtékà sọ, àti iye tí ẹ ná: páànù ní ọ̀tọ̀, igi ní ọ̀tọ̀, ìṣó àti ọ̀dà ní ọ̀tọ̀, owó iṣẹ́ ní ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá ní rìsíìtì, ẹ padà lọ bá káfíńtà kí ó kọ ọ́ kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá rí ₦48,500 lójú kan yóò ní ẹ ń rẹ́ òun jẹ. Bí ó bá rí i pé igi mẹ́ta ti jẹrà lábẹ́ páànù náà, ìṣirò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe kí ẹ sọ fún un: "Alàájì, báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí a ṣe é, ṣé kí n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àbí kí a pín in sí ọdún méjì?" Ìbéèrè yẹn ti gbà pé wọ́n jẹ yín lówó, ọ̀nà àtisan nìkan ni ó kù. Bí wọ́n bá dáhùn pé àwọn gbà, kódà "ó dáa" lásán, àdéhùn ni.

Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ wá ẹni tí wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu kí ẹ tó wá lọ́yà. Ìmáàmù àdúgbò tàbí alángùá ti parí ọ̀pọ̀ irú èyí láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, láìgba owó fáìlì. Bí ó bá wá di kóòtù dandan tí owó lọ́yà kò sì sí, Legal Aid Council wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a.

* * *

Arákùnrin wa ti padà wá o. Ó ní Alàájì ka ọ̀rọ̀ náà, wọn kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n wá pe káfíńtà fúnra wọn láti Èkó, wọ́n bi í léèrè igi mẹ́ta náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ pé kí ó yọ ₦40,000 ní oṣù kẹsàn-án, pé àwọn kò ní san owó iṣẹ́ káfíńtà tó iye tí ó gbà. Ó ń bi mí bóyá kí ó jà fún ₦8,500 tí ó kù.

Ẹ má jà. Ẹ dáhùn pé ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìdáhùn yẹn pé ₦210,000 ni ẹ óò san ní oṣù kẹsàn-án gẹ́gẹ́ bí owó ọdún kan pípé, kí kẹtékà má baà wá sọ pé ó ku ₦40,000. Bí ẹ bá san án tán, kí rìsíìtì sọ bákan náà.

Ó tún fi kún un pé òjò àná wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ní orí ilé ìdáná, níbi tí káfíńtà kò fọwọ́ kàn, pé káfíńtà náà ti ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ní kí ó dúró ná. Ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò omi náà bí ó ṣe ń kán sórí sítóòfù, ẹ fi ránṣẹ́ sí Alàájì lálẹ́ yìí, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó wá wò ó.